Ìyìnlọ́lá Lórí Bẹ́ǹṣì Iwájú

Ìyìnlọ́lá fẹ́ràn iwájú jù. Òṣìṣẹ́ báńkì ni ní Monrovia, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, ìgbọ̀nwọ́ ló fi ń ti àgbàlagbà sẹ́yìn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà tí ìwàásù bá wọra ló máa ń wọlé, kí gbogbo ojú lè yí wo agbádá rẹ̀.

Ìjọ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ń jọ́sìn nínú ilé ìsìn àtijọ́ kan nítòsí Camp Johnson Road ní kí Jesse, ayàwòrán ọmọ Làìbéríà, ya àwòrán ìsìn ìgbàpadà wọn sára ògiri. Nínú ìsìn yìí, àwọn tó ti ṣáko lọ máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, pásítọ̀ á gbọ́wọ́ lé wọn lórí, ìjọ á sì gbà wọ́n padà. Ìyìnlọ́lá kò rí i rí. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ń ṣe é, òun ṣì ń lọ agbádá lọ́wọ́ nígbà náà.

Màmá Motúnráyọ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni Jesse kọ́kọ́ yà sórí bẹ́ǹṣì náà. Màmá fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́, nítorí orí bẹ́ǹṣì yẹn ni wọ́n ti gbà á padà lẹ́yìn ogun abẹ́lé Làìbéríà, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i títí dòní.

Ìyìnlọ́lá dé, ó wo àwòrán náà, ó rí i pé ibẹ̀ gan-an ni ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bọ́ sí.

"Jesse, èmi ni kí o yà síbẹ̀. Put me for front."

"Oldman, you sure-o? Da place there..."

"Ṣé mo bi ọ́ ní nǹkan kan ni?"

Màmá ní, "Ọmọ mi, ṣé o mọ ẹni tó ń jókòó síbẹ̀?"

"Ẹni ńlá ni, Mama. Ẹ̀yin náà ti jókòó tó, ẹ jọ̀ọ́."

Jesse pa àwòrán Màmá rẹ́, ó sì ya Ìyìnlọ́lá sípò rẹ̀. Omi bọ́ lójú ìyá arúgbó, ó sì dùn mí láti sọ ọ́. Kí ẹlòmíràn má baà ṣe òun náà bẹ́ẹ̀, Ìyìnlọ́lá yí àwọn alàgbà lọ́kàn padà títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwòrán náà mọ́ láéláé.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀, pásítọ̀ ka àkọlé sókè: "Ìgbàpadà Ẹlẹ́ṣẹ̀." Ìyìnlọ́lá rèé láàárín, tòun tagbádá, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín.

Bísọ́lá ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Daddy, kí lẹ ṣe tí mi ò mọ̀?"

"Ẹ pa á rẹ́!" ni ọkọ rẹ̀ ké.

"A ti fọwọ́ sí ìwé," ni alàgbà kan dáhùn.

Àwòrán náà ṣì wà lára ògiri. Gbogbo àlejò ló ń béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí alágbádá dá, ẹni tí wọ́n bá sì bi léèrè á sọ èyí tó bá wù ú.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kọ́gbọ́n. Ẹ má ṣe lé ẹnikẹ́ni kúrò ní ipò tí ẹ kò mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀. Bí àgbà bá ń bi yín ní ìbéèrè, ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ọ tán. Ẹni tí iwájú bá sì ń wù, kí ó kọ́kọ́ máa tètè dé ṣọ́ọ̀ṣì.