Brẹ́ki Funfun

Kí Kàsìmáwò tó dákẹ́ lórí itan ìyàwó rẹ̀ lẹ́bàá títì Zongo, ọ̀rọ̀ méjì péré ló jáde lẹ́nu rẹ̀: "Brẹ́ki funfun." Mọ́tò tó gbá a ti sá lọ. Àwọn kan ní bíréékì tí wọ́n fi ń dá mọ́tò dúró ló ń wí. Lùbàbà kò gbà. Ọkọ rẹ̀ ti bá àwọn awakọ̀ di ẹrù pẹ́, ó mọ orúkọ irú mọ́tò kọ̀ọ̀kan. Lùbàbà fúnra rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Lójú tirẹ̀, mọ́tò ni mọ́tò ń jẹ́.

Lẹ́yìn àdúrà fìdáù, ó lọ bá Ọláyínká, mẹkaníìkì ará Ṣábẹ̀ tí ilé wọn jọ kangun síra ní Ladjifarani. Sémíjàn, alùpùpù akérò, ṣẹ̀ṣẹ̀ já Ọláyínká sílẹ̀ lẹ́nu ọgbà iṣẹ́ rẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń pè ní brẹ́ki?"

Ọláyínká ń nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Ìyá Sàlmà?"

"Ohun tí ọkọ mi wí kẹ́yìn nìyẹn."

Ọláyínká ju àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú un yí àwọn mọ́tò oníbàárà ká. Èyí tó ga, tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, kátìkátì ni. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ là sílẹ̀ fún ẹrù, bàṣé ni. Èyí tí òrùlé rẹ̀ lọ gbọọrọ dé ìdí, bẹẹ̀lín ni. Ó wá dúró ti ọ̀kan tí ibi ẹrù rẹ̀ yọ sẹ́yìn lọ́tọ̀, bí àpótí tó ní ìdérí tirẹ̀.

"Brẹ́ki nìyí. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ má sì tíì sọ fún ọlọ́pàá, wọn á kàn ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni."

Láti ọjọ́ náà Lùbàbà kì í wo ojú ènìyàn mọ́, ìdí mọ́tò ló ń wò. Ó rí i nígbẹ̀yìn: funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí àpótí, iwájú rẹ̀ sì ti rún. Paul, oníṣu ará Ìdàáṣà, ló ni ín.

"Kí ló fọ́ ọ báyìí?" ó bi í.

"Màlúù ni, Màmá, lọ́nà Ndàlí. Mo dúpẹ́ pé ẹ̀mí mi kò bá a lọ." Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ni Lùbàbà gbé sùn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí orin ń dún lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí Paul ń lọ, ó gbé ìgò epo bẹntiróò sábẹ́ híjáàbù rẹ̀. Ó tú u sórí mọ́tò Paul, ó ṣáná sí i, kò sì sáré. Paul jáde, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ iná, ó ń fa ìlẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀. Dókítà gé ọwọ́ méjèèjì.

Kò sẹ́ni tó rí Lùbàbà. Alẹ́ ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ jẹun yó láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọláyínká gbé ẹtù wá kí i.

"Ọlọ́run ti dá ẹjọ́," ó wí.

Nígbà tí Sàlmà, ọmọ rẹ̀ tó ń wa tasí ní Kùtọnu, dé, ìyá rẹ̀ mú un lọ síbi egungun mọ́tò náà. "Brẹ́ki tó pa bàbá rẹ nìyí," ó wí.

Sàlmà wò ó yí ká, ó ní, "Bẹẹ̀lín lèyí, Màmá; brẹ́ki ni èyí tí òrùlé rẹ̀ lọ gbọọrọ dé ìdí, bíi funfun tí Bàbá Ọláyínká mẹkaníìkì ń wà, tí ẹ ní wọ́n tà sí ilẹ̀ Nìjẹ́ lọ́sẹ̀ tí Bàbá kú."