Ẹja Kò Gbọdọ̀ Kú

"Mi ò lè fi í sílẹ̀ báyìí, kíkú ni yóò kú!" apẹja pariwo.

Láàárín adágún kan ní Montana, ní Amẹ́ríkà, ló jókòó sínú túùbù rọ́bà rẹ̀ tó ń léfòó, ẹsẹ̀ nínú omi. Ó fọwọ́ méjèèjì di ẹja tíráòtù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fìwọ̀ mú. Ìdárayá ni wọ́n fi ń pẹja níbẹ̀; ẹni tó bá mú un, á dá a padà sómi láàyè. Oòrùn ń jó bí iná. Nínú ooru báyìí, ẹni tó bá ju ẹja padà láìdúró kó mí, apààyàn ni lójú àwọn ará ibẹ̀. Wọn kì í fi ṣeré.

"Àyà mi!" Delmar ọ̀rẹ́ rẹ̀ ké látinú túùbù tirẹ̀. "Wá fà mí dé bèbè. Òòyì ń kọ́ mi."

"Ẹja mi ṣáà ti ju tìẹ lọ, àìsàn dé! Ní sùúrù jàre."

"Ọ̀rẹ́, mo bẹ̀ ọ́..."

"Onílara!"

Apẹja ń rọra ti ẹja náà síwá-sẹ́yìn kí omi lè gba ẹnu rẹ̀ kọjá, ó ń kẹ́ ẹ bí ọmọ tuntun. "Mí, àyànfẹ́ mi. Mí dáadáa."

Delmar dákẹ́. Apẹja rò pé ó ń bínú ni.

Nígbà tó yá, ẹja jùrù, ó bọ́, ó wọ ibú lọ. Apẹja pàtẹ́wọ́. "Delmar, o rí i? Ó yè!"

Túùbù Delmar ń yí níbì kan náà, orí rẹ̀ ti ṣubú sáyà. Apẹja fẹsẹ̀ wa omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbá a léjìká, ó gbé ojú rẹ̀ sókè. Ẹ̀mí ti bọ́.

Láàárín àwọn méjèèjì, ẹja náà léfòó padà, ikùn funfun lókè.