Etí-ò-tàsé àti Sukúrù Kabúrétọ̀ Rẹ̀

Ẹ má tíì fi ìka yí ìtàn yìí kọjá o. Ẹ kà á kanlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi ẹ̀rọ ìgégi wá oúnjẹ òòjọ́. Ẹni tó bá sì ní òun ti mọ gbogbo rẹ̀, òun gan-an ni mò ń bá wí.

1.

Agégi kan wà tí wọ́n ń pè ní Etí-ò-tàsé. Ó ti ń gégi bọ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún, orúkọ náà kò sì ṣàdédé jẹ́ tirẹ̀. Kabúrétọ̀ ni ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé nínú ẹ̀rọ. Sukúrù kékeré kan ló sì ń díwọ̀n epo tó máa wọlé. Etí-ò-tàsé á yí sukúrù náà díẹ̀, á dijú, á tẹ́tí sí ẹ̀rọ. Tó bá ti ní "Ó ti dé," ó ti dé nìyẹn. Sukudiráfà rẹ̀ kò gùn ju ìka lọ, ọrùn ló sì máa ń so ó kọ́ sí.

Kì í bo etí nítorí ariwo ẹ̀rọ o. Láti ọdún mẹ́tàlélógún!

"Ṣé kí n di etí, kí n wá máa fi imú gbọ́ ẹ̀rọ ni?" Bó ṣe máa ń dá àwọn agégi ẹgbẹ́ rẹ̀ lóhùn nìyẹn, gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín.

2.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́míìlì tí Etí-ò-tàsé ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ẹ̀rọ tuntun wá fún un.

"Bọ̀ọ̀dá, kọ̀ǹpútà kékeré ló ń darí kabúrétọ̀ eléyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń díwọ̀n epo. Ẹ máa lò ó."

Etí-ò-tàsé yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ń wá sukúrù. Kò rí nǹkan kan.

"Ọjọ́ tí eléyìí bá ya wèrè ńkọ́, ta ni mo máa bẹ̀?"

"Ẹ gbé e wá fún mi, mo ní irinṣẹ́ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú o, etí yín ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín láàárọ̀ yìí kí ẹ tó dáhùn."

"Mo gbọ́ ẹ láti àkọ́kọ́. Mi ò fẹ́ dáhùn ni."

Irọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló gbọ́, òun náà sì mọ̀. Àmọ́ ó mójú le koko, ó ní kó máa gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ.

3.

Ọ̀gá sọ́míìlì fẹ́ yan olórí àwọn agégi. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ gé ìtì igi tirẹ̀ sí mẹ́fà ló ni ipò náà. Ipò yìí ni Etí-ò-tàsé ti ń retí láti ìgbà tí gbogbo irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló sì ní.

Ó kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ, ó yí sukúrù wọlé kí epo dín kù, kí ẹ̀rọ lè sáré. Ó ń retí igbe kan tó ti mọ̀ látijọ́, èyí tí ẹ̀rọ máa ń ké tí epo bá ti dín tó. Igbe ọ̀hún ti dé tipẹ́, etí rẹ̀ ni kò sí nílé. Ó tún yí i. Ó tún yí i.

Àwọn agégi tó kù fọwọ́ di etí. "Ẹ tú u padà! Epo ò tó o mọ́!" Àbúrò rẹ̀ sáré jáde láti ṣọ́ọ̀bù, ó ń pariwo, "Bọ̀ọ̀dá! Bọ̀ọ̀dá!"

Etí-ò-tàsé rí ẹnu wọn tó là. Ó rò pé wọ́n ń kí òun kú iṣẹ́ ni. Ó juwọ́ sí wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó ki ẹ̀rọ bọ igi.

Ó gé ọ̀kan. Ó gé èkejì. Lẹ́nu ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ há pinpin. Ó fa okùn rẹ̀ títí, okùn kò sún.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ tú u, písítìnì, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀rọ, ti họ yánnayànna. Ó ní, "Inú epo ni ọ́ìlì tó ń mú irin yọ̀ wà, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ fi epo dù ú, ọ́ìlì náà ò dé ibẹ̀. Ó ti jóná." Ẹlòmíì ni wọ́n fi ṣe olórí.

4.

Dókítà yẹ etí rẹ̀ wò, ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, kó bo ìyókù. Ìbínú ló bá jáde. "Dókítà wo ló gégi rí?"

Àbúrò rẹ̀ tún gbé ẹ̀rọ tuntun náà wá, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń bo etí. Ó jókòó síwájú rẹ̀, ó la ẹnu: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á."

Etí-ò-tàsé wo ètè rẹ̀ dáadáa, ó sì fi ohùn tó mi fèrèsé dáhùn: "Mo gbọ́ ẹ! Mi ò fẹ́ dáhùn ni!"

Omi bọ́ lójú àbúrò rẹ̀. Etí-ò-tàsé kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹnu lásán ni obìnrin náà là. Kò fi ohùn kankan sí i.

Ẹ̀yin ará, mi ò bá ẹnikẹ́ni tajà. Kabúrétọ̀ onísukúrù kò burú, bí etí yín bá ṣì pé. Ti kọ̀ǹpútà náà kò burú, bí ẹni tó lè tún un ṣe bá wà nítòsí. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ bo etí yín, kí ẹ sì gbà fún ẹni tó bá sọ òótọ́ fún yín. Ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́, mi ò ní tọrọ gáfárà. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.