Àbẹ̀kẹ́ Kì Í Ṣe Ìṣẹ́jú

Ní Sátidé, Màmá Àbẹ̀kẹ́, àgbà jùlọ àdúgbò wa, ò gbà kí wọ́n fi orúkọ òun pe nọ́ńbà kan nínú ẹ̀rọ omi àdúgbò wa. Omi ò sì lè yọ àfi tí àgbà jùlọ àdúgbò bá gbọ́ orúkọ gbogbo nọ́ńbà tí kì í yí padà, tó sì sọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo máa ń kà wọ́n sókè.

Mo kà á: “ÀBẸ̀KẸ́, ogójì.”

Láńre ọmọ Màmá, tó kọ ìlànà tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé, ń rẹ́rìn-ín nínú agbádá funfun. Orúkọ náà ni ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí tó fún Màmá.

Mo bi í: “Màmá, kí ni iṣẹ́ nọ́ńbà yìí?”

“Èmi ni Àbẹ̀kẹ́, mo pé ọgọ́rin ọdún lónìí. Ogójì wo nìyẹn?”

“Mọ́mì, ẹ ṣáà ní ẹ mọ̀ ọ́n!”

“Kí ẹ̀rọ jóná lọ́la, kí wọ́n máa bú Àbẹ̀kẹ́?”

Gbogbo àwa tí a gbé garawa òfìfo dání rẹ́rìn-ín. Láńre tẹ orúkọ mìíràn fún nọ́ńbà náà: ÌṢẸ́JÚ_TÍ_Ẹ̀RỌ_FI_Ń_SINMI.

“Ẹ̀rọ á sinmi fún ogójì ìṣẹ́jú,” ni Màmá wí. “Ṣé ó le ni?”

Omi tú jáde, a hó yèè.

Láńre ò ní ẹ̀bùn mìíràn. Ó ká agbádá rẹ̀ ṣe òṣùká, ó ru garawa omi mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan dé ilé ìyá rẹ̀. Agbádá náà ò funfun mọ́.