Ètò Tó Ń Lọ́ra Lẹ́yìn Oúnjẹ Ọ̀sán

Ọ̀la ni ìdánwò ìkẹyìn, bẹ́ẹ̀ ìyàwó Verlin Aasen ti wọ oṣù ìbímọ rẹ̀. Ètò tí yóò máa darí kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́ wọn ní ìlú St. Paul ní Amẹ́ríkà, ọrùn Verlin ni wọ́n gbé e kọ́. Gbogbo ìgbà òtútù ọdún 1966 ló fi wà nínú yàrá kótópó kan lẹ́yìn ògiri gbọ̀ngàn ìdánwò, nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Àwọn olùdánwò ò lójú àánú. Wọ́n ní ètò náà ń lọ́ra lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n ní láàárọ̀, lásìkò kọfí, kì í dáhùn rárá. Wọ́n tún ní téèyàn bá tẹnu mọ́ ìbéèrè kan náà, ìdáhùn rẹ̀ á wá le bíi ti ẹni tó ń wá ìjà.

“Verlin, wá nǹkan ṣe sí i,” ni Brandvold ọ̀gá rẹ̀ wí.

“Ọ̀gá, mò ń gbìyànjú o. Kọfí gan-an, mo ti fi sílẹ̀.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí ìdánwò ọ̀la bá lọ dáadáa, ọjọ́ Ẹtì lo máa wà lọ́dọ̀ ìyàwó ẹ.”

Inú Verlin dùn débi pé kò lè sùn.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyáàfin Tuttle dé láti ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní Duluth, àwọn tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n fi í jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní gbọ̀ngàn. Ó tẹ ìbéèrè nípa iye oníbàárà tí iná jó ilé wọn. Nǹkan ró gbì lẹ́yìn ògiri, ìdáhùn sì jáde. Ó ṣi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀. Ètò náà rọra bi í bóyá nǹkan mìíràn ló ní lọ́kàn.

“Ẹ gbà mí!” Ìyáàfin Tuttle bú sẹ́rìn-ín. “Ó gbọ́n ju ọkọ mi lọ! Bó ṣe wà yìí gan-an ni mo fẹ́ ẹ. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan lára ẹ̀ o!”

Verlin sáré lọ pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

“Inga, mò ń bọ̀ nílé!”

“Ohun tó o sọ nígbà Kérésì náà nìyẹn.”

“Ọ̀gá ló ṣèlérí lọ́tẹ̀ yìí.”

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n di kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjèèjì àti ibùsùn Verlin sínú ọkọ̀ ẹrù tó ń lọ sí Duluth, nítorí pé Verlin ni wọ́n ní kó máa tẹ ìdáhùn láti ẹ̀yìn ògiri títí wọn yóò fi kọ ètò náà, ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà ti fẹ́ ẹ bó ṣe wà, kò sẹ́ni tó rí ìdí láti kọ ọ́ mọ́.