Àárín Tí Àmì Kì Í Bọ́ Sí

"Tíṣà, ọ̀rọ̀ ta lò ń bèèrè lọ́wọ́ àmì? Tèmi ni àbí ti ilé mi?"

Ìyá onílé ti ti ilẹ̀kùn wọlé láìkàn án. Ojú fèrèsé ló ti ń ṣọ́ ayálégbé rẹ̀, tíṣà ìṣirò, tó ń dá ju dáìsì lúdò, tó sì ń tẹ àmì bíńtín-bíńtín sórí bébà. Opó álífáà ni ìyá. Ọgbọ̀n ọdún lọ́kọ rẹ̀ fi tẹ yanrìn wo ọ̀ràn fáwọn ará Àpòmù kó tó kú ní 1988. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé èèyàn ń tẹ àmì lásán.

"Ìṣirò ni, Màmá. Igun mẹ́ta rè é, ojú dáìsì méjì-méjì ló ni ìkọ̀ọ̀kan. Igun tí dáìsì bá mú, ẹ na òwú láti àmì tẹ́ ẹ tẹ̀ kẹ́yìn débẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ òmíràn sí ìdajì ọ̀nà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Irọ́!"

Onígun mẹ́ta ńlá ló yọ lórí bébà, àwọn kéékèèké kún inú rẹ̀, àmọ́ àárín gbùngbùn rẹ̀ ṣófo.

"Ìwọ lo mọ̀ọ́mọ̀ fo ibẹ̀. Gbé dáìsì yẹn wá."

Ìyá jù ú, ó na òwú, ó tẹ àmì. Ìgbà ogún ló ṣe é, ẹyọ kan ò bọ́ sáàárín. Tíṣà rẹ́rìn-ín.

"Ṣẹ́ ẹ rí i? Kò lẹ́nu, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

Ìyá gbé dáìsì kalẹ̀. Ó wo ìkòkò kékeré kan ṣoṣo tó wà lórí sítóòfù, ó tún wo àárín bébà.

"Ó sọ̀rọ̀. Ìyàwó tó o ní ó ń bọ̀ láti Ìkirè látèṣí, kò bọ̀ mọ́, àbí?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu tíṣà. Ó mú dáìsì, ó rọra fi í lé ìyá lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ tún un jù."