Táyà Tí Mo Fi Ọ̀dà Sàmì Sí

"Elisha, ta lo ta táyà ọmọ mi fún?"

Elisha tó ń lẹ táyà ní Ọ̀rẹ̀ kò wojú mi.

Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí mo ra táyà tuntun fún ọ̀kadà Gbénga ọmọ mi. Mo fi ọ̀dà funfun sàmì sí i, torí mo mọ ìwà àwọn tó ń lẹ táyà.

Táyà tuntun máa ń pẹ́ ju ọdún kan lọ. Èyí tó bẹ́, tó pa ọmọ mi, ti dán. Kò sì lámì.

"Ìwọ lo pààrọ̀ rẹ̀!"

"Bàbá, Gbénga ló ní kí n gbé tuntun náà sórí ọ̀kadà yín. Ó ní ọ̀nà oko yín ní Omifunfun ń yọ̀, kí n má sọ fún yín. Tiyín tó ti dán ló ń lò."

Mo lóṣòó, mo fọwọ́ nu ẹrẹ̀ ara táyà ọ̀kadà tí mo gùn wá.

Ọ̀dà funfun mi ló wà níbẹ̀.